Àtàǹpàkò Tí Mo Fi Dá Ẹnìkejì Mi Lóhùn

Ẹ̀yin tí ẹ mú ìwé yìí dání, bí fóònù yín bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dojú rẹ̀ bolẹ̀ fún mi ná. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kò gùn, ṣùgbọ́n kò rọrùn lẹ́nu mi. Àwọn tó mọ̀ mí ti gbọ́ ọ tán, wọ́n sì ti dá mi lẹ́jọ́. Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ̀ mí ni mo wá bá.

Ilé ìfọṣọ ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Kì í ṣe kékeré ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà o, ilé ìfọṣọ ńlá ni, èyí tó ń fọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì àwọn hòtẹ́ẹ̀lì àti ti ilé ìwòsàn. Ìsàlẹ̀ ni àwọn ẹ̀rọ wà, òkè ni ọ́fíìsì wà. Ìsàlẹ̀ kún fún ooru àti ariwo. Òkè tutù, ó sì ní fèrèsé.

Ìsàlẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀, nídìí aṣọ kíká. Aṣọ bẹ́ẹ̀dì ńlá kì í ṣe ohun tí ẹnì kan ń dá ká. Ẹni méjì ló ń dì í mú, ọ̀kan ní etí ìhín, ọ̀kan ní etí ọ̀hún. Ẹ ó nà án, ẹ ó gbọ̀n ọ́n, ẹ ó wá rìn wá pàdé ara yín títí ọwọ́ yín á fi kan ara wọn. Ẹ ó padà sẹ́yìn, ẹ ó tún pàdé. Láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, ojú ẹni tí ẹ jọ ń ká aṣọ lẹ ó máa wò. Nílé iṣẹ́ wa, ẹni téèyàn bá ń bá ká aṣọ, "Ẹnìkejì" la máa ń pè é.

Obìnrin kan tó fi ọdún díẹ̀ jù mí lọ ni Ẹnìkejì tèmi. Òun náà ló kọ́ mi níṣẹ́. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ pè é ní "ẹ̀yin, mà," ó ju aṣọ sílẹ̀, ó fọwọ́ lé ìbàdí.

"Ta lò ń pè ní ẹ̀yin? Ṣé èmi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ ni? Ẹni tí ọwọ́ ẹ̀ ń kan tèmi láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, kí ló fẹ́ fi ẹ̀yin ṣe? Ṣáà di etí aṣọ rẹ mú dáadáa, jàre."

Bó ṣe di "ìwọ" lẹ́nu mi nìyẹn. Kò sí ohun tí a kì í sọ. Òun ló kọ́kọ́ mọ̀ pé mo lóyún, kí ọkọ mi tó mọ̀, nítorí ó rí i pé mò ń gbé imú sá fún òórùn ọṣẹ. Nígbà tí ìyá mi kú, tí mo padà síṣẹ́ kí n má baà máa sunkún nílé, kò bi mí ní nǹkan kan. Ó kàn ń rìn wá pàdé mi díẹ̀díẹ̀ ni gbogbo ọjọ́ yẹn, kí n má baà máa yára.

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ gùn ṣá. Bí Ẹnìkejì mi bá fẹ́ yá abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ rẹ, yóò kọ́kọ́ kí ọ, yóò kí ọkọ rẹ, yóò béèrè àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan, yóò fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́, yóò ṣàdúrà, kó tó wá débi abẹ́rẹ́. Ìdí ọ̀rọ̀ rẹ̀ pátápátá ni kókó máa ń wà. Nígbà tí a jọ ń ká aṣọ, mo fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí ohun tí mo sọ yìí.

Ó wá di ọjọ́ kan, Màdáámù tó ni ilé iṣẹ́ ń wá alábòójútó tuntun. Gbogbo wa la rò pé Ẹnìkejì mi ni yóò mú. Èmi gan-an ti ń kí i kú oríire. Ṣùgbọ́n Màdáámù ní ẹni tó lè máa tẹ ọ̀rọ̀ sórí fóònù kíákíá lòun ń fẹ́, ayé ti yí padà. Ẹnìkejì mi kì í tẹ fóònù. Ó ní ọmọ ìka òun ti fẹ̀ jù fún àwọn lẹ́tà wínníwínní yẹn, pé ọ̀kan lòun á tẹ̀, mẹ́ta á jáde.

Èmi ni wọ́n mú. Lọ́jọ́ tí mò ń kó ẹrù mi lọ sókè, òun ló kọ́kọ́ dì mọ́ mi.

"Máa lọ," ó ní. "Ṣùgbọ́n tó o bá ń rìn lókè, máa rọra o. Orí wa lò ń tẹ̀."

A jọ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa.

Níbẹ̀rẹ̀, àràárọ̀ ni mo máa ń sọ̀ kalẹ̀ lọ kí wọn. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ̀ bó ṣe máa ń rí. Ẹni tó bá rí ọ̀gá lójúkojú ló máa ń ní ẹ̀bẹ̀. Eléyìí fẹ́ tètè máa lọ, ọmọ tọ̀hún ń ṣàìsàn, ẹlòmíràn ní ìbọ̀wọ́ òun ti ya, ọṣẹ ń jẹ òun lọ́wọ́. Tí mo bá ti wo ojú wọn, "rárá" kì í jáde lẹ́nu mi. Màdáámù á wá fi mí ṣe ẹlẹ́yà lókè.

"Ṣé alábòójútó ni ẹ́ ni, àbí ìyá wọn?"

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo dá gúrúùpù sílẹ̀ lórí fóònù, mo kó gbogbo òṣìṣẹ́ sínú rẹ̀, mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "Láti òní lọ, kí ẹnikẹ́ni má ṣe gun àtẹ̀gùn wá mọ́. Ohun tí ẹ bá fẹ́, ẹ fi ránṣẹ́. Màá dá yín lóhùn."

Ẹ gbà mí gbọ́, ó dùn. "Rárá" tí ẹnu mi ò lè sọ, ìka mi ń tẹ̀ ẹ́ geere. Kò sí ojú tó ń wò mí, kò sí ẹni tó ń nu omijé níwájú mi. Màdáámù yìn mí. Ó ní ọ́fíìsì òun kò tíì parọ́rọ́ tó báyìí rí.

Èmi àti akọ̀wé la jọ wà lókè. Gíláàsì la máa ń pè é, nítorí gíláàsì ojú rẹ̀ nípọn bí ìdí ìgò. Tábìlì wa fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara wọn, síbẹ̀ fóònù la fi ń bá ara wa sọ̀rọ̀. À ń fi àwòrán ẹ̀rín ránṣẹ́ síra wa, ojú àwa méjèèjì le koko.

Ìsàlẹ̀ náà yí padà, ṣùgbọ́n èmi ò sí níbẹ̀ kí n rí i. Mo bi wọ́n nínú gúrúùpù lọ́jọ́ kan pé, "Ta ló fi ike ọṣẹ sílẹ̀ ní ṣíṣí?" Ìbéèrè lásán ni. Obìnrin tó wà nídìí ẹ̀rọ àkọ́kọ́ bá kà á pé èyí tó wà nídìí ẹ̀rọ kejì ti fẹjọ́ òun sùn. Kò bá a sọ̀rọ̀ mọ́. Ẹ̀rọ wọn fara kanra o. Tí ọ̀kan bá fẹ́ kí èkejì sún, á kọ ọ́ sórí fóònù, èkejì á fi àwòrán àtàǹpàkò tó nà sókè dá a lóhùn, á sì sún. Nígbà tí mo gbọ́, mo fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Ta ló kọ́ wọn, bí kò ṣe èmi?

Nílé pàápàá, fóònù ò jẹ́ n sinmi. Ọkọ mi ní òun ò mọ̀ pé ilé ìfọṣọ lòun gbé níyàwó.

Ní àkókò yẹn, iṣẹ́ pọ̀ nídìí áyọ́ọ̀nù, mo bá gbé Ẹnìkejì mi kúrò nídìí aṣọ kíká lọ síbẹ̀. Àtẹ̀ránṣẹ́ ni mo fi sọ fún un. Áyọ́ọ̀nù ńlá yẹn, ẹnì kan ló ń lò ó, ní kọ̀rọ̀ kan, ògiri ni ẹni náà kọjú sí. Obìnrin tó fẹ́ràn ọ̀rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ kò rí ẹni bá sọ̀rọ̀ mọ́. Ó bá ń bá mi sọ̀rọ̀ nínú fóònù. Torí kò lè tẹ̀ ẹ́, ohùn rẹ̀ ló máa ń gbà sílẹ̀, táá fi ránṣẹ́ sí mi.

"Ẹnìkejì mi, o jíire bí? Ọkọ ńkọ́? Àwọn ọmọ wa ńkọ́? Ṣé ìdí rẹ ò tíì lẹ̀ mọ́ àga òkè yẹn?"

Lákọ̀ọ́kọ́, mo máa ń gbọ́ ọ dópin, mo sì máa ń dá rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, ìdajì ni mò ń gbọ́. Nígbà tó tún yá, mi ò kọjá ìkíni. Nígbẹ̀yìn, mi ò gbọ́ rárá. Mo ṣáà ti mọ ohun tó fẹ́ sọ. Mo máa ń tẹ àwòrán àtàǹpàkò sí i, ó tán. Inú rẹ̀ á dùn pé mo ti gbọ́.

Ìgbà mìíràn wà tí ọkàn mi máa ń dá mi lẹ́bi, màá ní, "Màá sọ̀ kalẹ̀ lọ kí i lọ́la." Ọ̀la ò dé. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ojú ń tì mí. Orí àga tó yẹ kó jẹ́ tirẹ̀ ni mo jókòó sí. Tí mo bá lọ bá a, màá ní láti wò ó lójú. Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Èmi ti rí ibi tí mo lè máa sọ̀rọ̀ sí tí kò ní ojú, mi ò sì fẹ́ kúrò níbẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ kan, hòtẹ́ẹ̀lì kan tó ń retí èrò kó aṣọ rẹpẹtẹ wá. Màdáámù ń jágbe mọ́ mi, èmi náà ń jágbe mọ́ wọn nínú gúrúùpù. Ohùn Ẹnìkejì mi wọlé lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Mo wo bó ṣe gùn tó, mo mí kanlẹ̀.

"Ìwàásù ti dé," mo sọ fún Gíláàsì.

"Ti ta tún nìyẹn?"

"Ti Màmá Áyọ́ọ̀nù ìsàlẹ̀ ni. Jẹ́ n fi ránṣẹ́ sí ẹ, kí ìwọ náà jẹ nínú ẹ̀."

Ṣé ẹ gbọ́ ohun tí mo pè é? Màmá Áyọ́ọ̀nù. Mo darí ohùn náà sí fóònù Gíláàsì láìgbọ́ ọ, mo sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Ẹni tó bá lè gbọ́ ìwàásù yìí dópin, kó wá jí mi lójú oorun." Gíláàsì fi àwòrán ẹ̀rín dá mi lóhùn. Òun náà ò gbọ́ ọ.

Lẹ́yìn náà ni mo tẹ àtàǹpàkò sí Ẹnìkejì mi, mo sì bá iṣẹ́ mi lọ.

Lọ́jọ́ kejì, mò ń bẹ àwọn ará hòtẹ́ẹ̀lì lórí fóònù ọ́fíìsì nígbà tí tọwọ́ mi dún. Ọ̀rọ̀ kan wọlé láti ìsàlẹ̀. N kò kà á. Ó ti mọ́ mi lára, mo tẹ àtàǹpàkò. Òmíràn wọlé. Mo tún tẹ̀ ẹ́.

Ìgbà tí mo gbọ́ igbe lábẹ́ ẹsẹ̀ mi ni mo tó gbé fóònù náà wò. Ẹnì kan ti kọ ọ́ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa bọ̀, Màmá Áyọ́ọ̀nù ti ṣubú." Ẹlòmíràn kọ ọ́ pé, "Wọn ò lè sọ̀rọ̀ o, ẹ bá wa wá ọkọ̀." Àtàǹpàkò mi nà sókè lábẹ́ méjèèjì, gbogbo òṣìṣẹ́ ló sì rí i. Kò sí ẹni tó sáré gun òkè wá pè mí. Mo ti kìlọ̀ fún wọn.

N kò mọ bí mo ṣe sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n ti tẹ́ ẹ sórí aṣọ bẹ́ẹ̀dì funfun lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì áyọ́ọ̀nù. Ẹnu rẹ̀ ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ọwọ́ òsì rẹ̀ kò gbéra. Fóònù rẹ̀ ti bọ́ sínú ọpọ́n omi tí wọ́n fi ń wọ́n aṣọ kí wọ́n tó lọ̀ ọ́. Ó rí mi, ó sì dá mi mọ̀. Ẹnu rẹ̀ ń mì, ọ̀rọ̀ ò jáde.

Èmi tí n kì í ráyè gbọ́ ohùn rẹ̀, mo wá di ọwọ́ rẹ̀ mú, mò ń bẹ̀ ẹ́. "Sọ̀rọ̀, Ẹnìkejì mi. Jọ̀ọ́, sọ̀rọ̀."

Àrùn rọpárọsẹ̀ ni, dókítà ló sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ń ru láti ọjọ́ yìí wá.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, Màdáámù pè mí.

"Ṣé obìnrin yìí ò sọ fún ẹnikẹ́ni pé ara òun ò yá ni?"

"Kò sọ fún mi, mà."

"Ó dá ẹ lójú?"

"Ó dá mi lójú, mà."

Mo jáde níwájú rẹ̀, mo wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, mo ti ilẹ̀kùn. Gbogbo ohùn rẹ̀ tò sínú fóònù mi, àtàǹpàkò wà lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀rù bà mí láti gbọ́ wọn. Ẹ̀rù tún bà mí pé Màdáámù lè ní kí n gbé fóònù náà wá. Mo sọ fún ara mi pé ìkíni ṣáà ni gbogbo ẹ̀. Mo pa wọ́n rẹ́ pátá, n kò ṣẹ́ ọ̀kan kù.

N kò lè lọ wò ó nílé ìwòsàn. Mo kọ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí ọmọ rẹ̀ obìnrin pé, "Ọlọ́run á wò wọ́n sàn o," mo sì fi àwòrán ọwọ́ àdúrà sí i. Ohun tí mo rí ṣe fún Ẹnìkejì mi nìyẹn.

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa ń bá a. Tèmi ò tilẹ̀ rìn jìnnà.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, Màdáámù kó gbogbo wa jọ sísàlẹ̀ láti bá wa sọ̀rọ̀ lórí oníbàárà tuntun. Wọ́n ti pa àwọn ẹ̀rọ. A rí i tí ọmọ Ẹnìkejì mi wọlé. Irun ló ń ṣe, abiyamọ ni, ó jọ ìyá rẹ̀ bí ìmumu. Ó kí gbogbo wa kárí.

"Wọ́n ti dá màmá mi sílẹ̀ nílé ìwòsàn," ó ní. "Wọ́n ti wà nílé. Ọ̀rọ̀ ni wọn ò lè sọ. Dókítà ní bóyá ló máa padà."

"Áà, ẹ kú ìrọ́jú," gbogbo wa dáhùn.

Ó wá kọjú sí mi. "Àǹtí, torí yín gan-an ni mo ṣe wá. Fóònù màmá mi ti bàjẹ́ sínú omi, kò ṣé tún ṣe. Mo wá ohùn wọn kiri, n ò rí i níbì kankan. Ọmọ mi ń béèrè pé ìgbà wo ni Màmá àgbà máa sọ̀rọ̀. Èmi gan-an, ó ti ń ṣe mí bí ẹni pé mò ń gbàgbé bó ṣe ń dún. Mo wá rántí yín. Ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ti ibi iṣẹ́ dé, wọ́n máa ń ní, 'Mo bá Ẹnìkejì mi sọ̀rọ̀ lónìí, ó sì dá mi lóhùn.' Wọ́n ní ẹ ò ṣe bí ọ̀gá sí àwọn rárá. Ẹ jọ̀ọ́, ohùn wọn wà lọ́wọ́ yín. Ẹ jẹ́ n gbọ́ ọ̀kan."

Mo fi ọwọ́ bo àpò tí fóònù mi wà.

"Fóònù mi náà bàjẹ́, ọmọ mi. Gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀ ló lọ."

"Gbogbo ẹ̀?"

"Gbogbo ẹ̀."

Kò pariwo. Ó kàn dúró síbẹ̀, omijé ń dà lójú rẹ̀, kò sì nù ún. Mo gbọ́ tí Gíláàsì wúkọ́ lẹ́yìn mi.

"Ọ̀kan wà lọ́wọ́ mi," ó ní.

Mo yíjú sí i. Mo fi ojú bẹ̀ ẹ́. Ó bọ́ gíláàsì rẹ̀, ó ń fi etí ẹ̀wù nù ún.

"Ẹ má bínú sí mi, mà," ó sọ fún mi. "Ọmọ ló ń wá ohùn ìyá ẹ̀."

Ó fẹ́ tẹ̀ ẹ́ fún un láìjẹ́ kó rí ojú fóònù, ṣùgbọ́n ọmọbìnrin náà ti gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Mo rí i tí ojú rẹ̀ ń lọ lórí ọ̀rọ̀ tí mo kọ sábẹ́. Ó wá kà á sókè, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀. "Ẹni tó bá lè gbọ́ ìwàásù yìí dópin, kó wá jí mi lójú oorun."

Ó gbójú sókè, ó wò mí. Kò béèrè ẹni tó kọ ọ́. Ó tẹ ohùn náà.

"Ẹnìkejì mi, ọ̀gá òkè, mo kí ọ o. Ọkọ ńkọ́? Àwọn ọmọ wa ńkọ́? Èyí tó kéré jù yẹn, ṣé ikọ́ ẹ̀ ti lọ? Má jẹ̀ẹ́ kó máa mu omi tútù o. Mo gbọ́ ìró bàtà rẹ lókè láàárọ̀ yìí. Mo ní, 'Ẹ wò ó, Ẹnìkejì mi ti dé, ó ti ń tẹ̀ wá lórí.'" Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín rẹ̀ yẹn gba gbogbo ilé ìfọṣọ kan. Àwọn kan rẹ́rìn-ín pẹ̀lú rẹ̀, wọ́n sì ń nu ojú. "Ọlọ́run á máa gbé ọ ga. Ojú ò ní tì ọ́ lókè níbẹ̀."

Mò ń gbàdúrà nínú mi pé kó dúró síbẹ̀. Mò ń gbàdúrà pé kó jẹ́ ìkíni nìkan.

"Ọ̀rọ̀ kan wà ṣá. Láti àná, ọwọ́ òsì mi yìí ń kú. Orí ń fọ́ mi, ojú mi ń ṣe bàìbàì, áyọ́ọ̀nù fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi láàárọ̀ yìí. Ọmọ mi ní àfi kí n lọ sílé ìwòsàn lọ́la. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé aṣọ hòtẹ́ẹ̀lì wà nílẹ̀, n ò fẹ́ kí Màdáámù torí mi bá ọ jà. Ṣé kí n lọ ni, àbí kí n wá bá ọ parí iṣẹ́ yìí ná? Ká ní ẹ ṣì ń gbà ká gun òkè ni, ǹ bá wá, kí o fi ojú ara rẹ wo ọwọ́ náà. Ohun tó o bá ti wí ni màá ṣe. Mo mọ̀ pé o ò ní tàn mí."

Ó tún ṣàdúrà fún mi lẹ́yìn ìyẹn, ó sì parí.

Omi ń kán níbì kan nínú ọ̀kan lára àwọn ẹ̀rọ.

"Mo ní kí wọ́n má lọ síṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn," ọmọ rẹ̀ ní. "Mo dí ẹnu ọ̀nà mọ́ wọn. Wọ́n fi fóònù hàn mí, wọ́n ní, 'Ẹnìkejì mi ti dá mi lóhùn, ó ní kí n máa bọ̀.' Mo wò ó. Àtàǹpàkò ni mo rí níbẹ̀." Ó gbé fóònù Gíláàsì sókè díẹ̀. "Àǹtí, ṣé ẹ gbọ́ ohùn yìí kí ẹ tó dá wọn lóhùn?"

"N ò gbọ́ ọ," mo ní. "Òní ni mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ."

"Àwọn tó kù ńkọ́? Ṣé fóònù yín bàjẹ́ lóòótọ́?"

"Kò bàjẹ́. Èmi ni mo pa wọ́n rẹ́."

Ì bá sàn kó gbá mi létí. Ì bá sàn kó ṣépè fún mi. Ó kàn jókòó sórí òkìtì aṣọ ìdọ̀tí tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ó sì da fóònù padà fún Gíláàsì.

"Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ránṣẹ́ sí mi," ó ní. "Ṣùgbọ́n ẹ yọ ohun tí Àǹtí kọ sábẹ́ ẹ̀ kúrò. N ò fẹ́ kí màmá mi rí i."

Màdáámù ò lé mi. Ohun tó sọ kò ju pé, "O ní ó dá ẹ lójú." Èmi ni mo fúnra mi kó ẹrù mi kúrò lókè. Mo ní kó dá mi padà sídìí aṣọ kíká. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, mo di etí aṣọ bẹ́ẹ̀dì kan mú, mò ń wò yíká. Ó pẹ́ kí ẹnì kan tó wá di etí kejì mú, kò sì pè mí ní Ẹnìkejì.

Wọ́n ti ń gun òkè padà báyìí. Àwọn obìnrin méjì tó wà nídìí ẹ̀rọ ti ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Mo máa ń gbọ́ wọn lọ́ọ̀ọ́kán. Tí mo bá ti súnmọ́ wọn, wọ́n á dákẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, mi ò ní kí ẹ sọ fóònù yín nù. Èmi náà ṣì ní tèmi. Ṣùgbọ́n bí ohùn ẹnì kan bá wà nínú rẹ̀ tí ẹ kò tíì gbọ́ dópin, ẹ dá ìwé yìí dúró, ẹ lọ gbọ́ ọ. Bí ẹni náà bá wà nítòsí, ẹ dìde, ẹ lọ bá a.

Ọjọ́ Sátidé ni mo máa ń lọ kí i. Ọmọ rẹ̀ ń ṣílẹ̀kùn fún mi, ó ń kí mi, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo máa ń jókòó tì í, màá kí i, màá béèrè àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan, màá fi í ṣe yẹ̀yẹ́ díẹ̀, màá ṣàdúrà, kí n tó wá débi ẹ̀bẹ̀. Bí òun ṣe máa ń sọ̀rọ̀ ni èmi náà ń sọ ọ́. Fèrèsé ló máa ń wò.

Ní Sátidé tó kọjá, mo bá a lórí àga. Ọmọ rẹ̀ ti kó aṣọ bẹ́ẹ̀dì tó gbẹ wọlé, ó sì ti wọ yàrá lọ. N kò mọ ohun tó gbé mi dé ibẹ̀, mo mú ọ̀kan nínú aṣọ náà, mo di etí kan mú, mo na etí kejì sí i.

Ó wò ó fún ìgbà pípẹ́. Ó wá gbé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, èyí tó ṣì ní agbára, ó di etí aṣọ náà mú. Ó sì wò mí lójú. Kò tíì wò mí bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tó ti ṣubú.

Mo rìn padà sẹ́yìn, mo na aṣọ náà, mo rọra gbọ̀n ọ́n. Mo wá ń rìn lọ pàdé rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bó ṣe máa ń rìn wá pàdé mi nígbà tí ìyá mi kú. Ó ku díẹ̀ kí ọwọ́ wa kan ara wọn, etí aṣọ náà bọ́ sílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Bóyá ọwọ́ ló rẹ̀ ẹ́, bóyá ṣe ló jù ú sílẹ̀, n kò mọ̀. Nígbà tó lè sọ fún mi, n kò gbọ́. Nísinsìnyí tí mò ń tẹ́tí, kò lè sọ ọ́ mọ́.

Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo gbé aṣọ náà, mo dá a ká. Aṣọ bẹ́ẹ̀dì téèyàn bá dá ká kì í dọ́gba. Mo gbé e lé ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, mo sì sọ fún un pé màá padà wá ní Sátidé.